Àdògán Inú Yàrá Iṣu

Ọgọ́rùn-ún ọmọ adìẹ ni bàbá mi kó wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ náà, kò sì sí ìyá ẹyọ kan ṣoṣo láàárín wọn. Inú páálí pẹlẹbẹ méjì tí wọ́n dá ihò wẹ́wẹ́ sí lára ni wọ́n wà, iwájú ọkọ̀ ni bàbá mi sì gbé wọn sí láti Ìbàdàn títí dé Ṣakí, níbi tí èrò méjì ìbá ti jókòó. Awakọ̀ ni bàbá mi. Iṣu ni wọ́n ń kó láti Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí lọ sí Ìbàdàn, ohun tí ará ilé àti aládùúgbò bá sì rán wọn ni wọ́n ń kó bọ̀, ṣùgbọ́n wọn ò kó ẹrù tó ń ké bọ̀ wálé rí. Kí wọ́n tó pa ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ la ti ń gbọ́ igbe náà nínú agbo ilé, ṣíó-ṣíó-ṣíó, bí ìgbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń súfèé lẹ́ẹ̀kan náà. Èmi àti àbúrò mi, Ràmọ́tà, sáré jáde. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, wà lórí ẹní lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí. Wọn ò dìde. Wọ́n kàn gbé ojú sókè.

"Lásísì, kí lò ń kó bọ̀ yẹn?"

"Ọmọ adìẹ ni, Ìyá. Ti Ìyá Sìdí ni."

"Ìyá wọn dà?"

"Wọn ò ní ìyá. Ẹ̀rọ ló pa wọ́n."

"Ẹ̀rọ pa wọ́n," ni Ìyá Àgbà wí, "wọ́n sì tún ń ké báyìí?"

Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi gbé páálí sílẹ̀. Wọ́n ṣàlàyé pé bí àgbébọ̀ ṣe ń pa ọmọ náà ni ẹ̀rọ kan wà ní Ìbàdàn tó ń pa ọmọ, pé kò pa wọ́n kú. Ìyá Àgbà gbọ́, ṣùgbọ́n kò wọ̀ wọ́n létí. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni ẹni tí yóò máa ràdọ̀ bò wọ́n. Ìyá mi, tí ó ti jáde pẹ̀lú tépù tí wọ́n fi ń wọn aṣọ lọ́rùn wọn, ló dáhùn ìbéèrè náà. Wọ́n ní, "Iná ni, Ìyá. A ó máa dáná fún wọn." Ìyá Àgbà wo ìyàwó ọmọ wọn láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n sì padà sídìí ẹ̀gúsí wọn.

Aránṣọ ni ìyá mi, Ìyá Sìdí, torí èmi Sìdíkátù ni àkọ́bí wọn. Orí rédíò ni wọ́n ti gbọ́ pé ẹnikẹ́ni tó bá ní yàrá kan àti sùúrù lè sin adìẹ àgíríìkì, adìẹ tó ń yé lójoojúmọ́ láìsàba. Láti ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ náà ti gbà wọ́n lọ́kàn. Wọ́n lọ sí ọ́fíìsì àwọn àgíríìkì ní ìlú, ọ̀dọ́mọkùnrin kan níbẹ̀ sì bá wọn sọ òótọ́ pé títọ́ wọn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́ ló ṣòro. Ọmọ adìẹ tí kò ní ìyá kò ní ooru tirẹ̀. Bí òtútù bá mú un, á kú. Bí ooru bá pọ̀ jù fún un, ìyẹn náà á pa á. Nítorí náà ni bàbá mi fi gba ríìmù ọkọ̀ kan tó ti dẹnukọlẹ̀, wọ́n gbé e fún alágbẹ̀dẹ, alágbẹ̀dẹ sì sọ ọ́ di àdògán onírin, ó fi ẹsẹ̀ mẹ́ta sí i, ó sì lu ihò sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí eérú lè máa dà jáde. Inú yàrá tí a ń kó iṣu sí ni wọ́n gbé e sí, torí iṣu ti ń tán lọ. Wọ́n da lẹ́búlẹ́bú igi tí a gbà lọ́wọ́ káfíńtà sílẹ̀, wọ́n fi páànù yí àdògán ká kí ọmọ adìẹ má baà jóná, wọ́n sì fi páálí ńlá ṣe agbo yí gbogbo rẹ̀ ká. Nígbà tí a da àwọn ọmọ adìẹ náà sínú agbo yẹn, wọ́n fọ́n káàkiri, wọ́n pupa fẹ́ẹ́rẹ́ bí ọkà tí a sá, mo sì rò nínú ọkàn mi pé kò sí ilé tó dára tó ilé wa ní gbogbo Ṣakí.

Ọyẹ́ ti lọ nígbà náà, òjò kò sì tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ojú ọjọ́ kò gbóná, kò sì tutù. Ẹni tí kò bá dáná èédú rí lè rò pé irú àsìkò bẹ́ẹ̀ ló rọrùn jù, ṣùgbọ́n irọ́ ni. Nígbà ọyẹ́, atẹ́gùn fúnra rẹ̀ ló ń bá ọ fẹ́ iná. Bí o bá ti dá a, yóò máa jó ni. Ní àsìkò tí afẹ́fẹ́ dúró jẹ́ẹ́, tí ewé ìbẹ́pẹ kò mì, èédú a wọ ẹ̀wù eérú, a sì máa tòògbé. Bí o bá fi sílẹ̀, yóò kú láìjẹ́ pé èéfín kankan sọ fún ọ. Bí o bá sì fẹ́ ẹ jù, yóò ràn wàà, àwọn ọmọ adìẹ á sá dé etí páálí, wọn á la ẹnu, wọn á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni ìyá mi kọ́ mi ní iṣẹ́ yẹn. Èédú tó wúwo ni kí n fi sísàlẹ̀, kí n fi èyí tó fúyẹ́ sókè. Kí n bu eérú díẹ̀ lé e lórí bí ó bá ti pọ́n dáadáa, kí ó lè máa jó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Lójú wọn, iná kọ́ ló yẹ kí n máa wò, ọmọ adìẹ ni. Bí ọmọ adìẹ bá gbá jọ sí ìdí páànù, òtútù ń mú wọn. Bí wọ́n bá sá jìnnà, ooru ti pọ̀. Bí wọ́n bá fọ́n ká, tí wọ́n ń jẹun, tí wọ́n ń sùn níbi tó bá wù wọ́n, a jẹ́ pé iná ṣe déédéé. Mo ti tọ́ ọmọ mẹ́rin lẹ́yìn ìgbà náà, n kò sì tíì gbọ́ ìmọ̀ràn tó wúlò fún mi jù ìyẹn lọ.

Ohùn ilé wa yí padà lọ́dún náà. Tẹ́lẹ̀, ìró ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá mi ni a fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́, lẹ́yìn náà ìró odó, lẹ́yìn náà Ìyá Àgbà tí ń ka tẹ̀sùbáà wọn lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí wọ́n ń dá a dúró láàárín láti bá ewúrẹ́ wí. Ní báyìí, igbe ọmọ adìẹ wà lábẹ́ gbogbo rẹ̀, bí omi tó ń ṣàn lábẹ́ afárá. A kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ọ mọ́, àfi bí ó bá yí padà. Bí igbe náà bá ti lọ sókè díẹ̀, ẹ̀rọ ìyá mi á dákẹ́, ẹnìkan á sì ti dìde. Oúnjẹ wa náà yí padà. Nítorí pé iná kì í kú, kò sí ọ̀sán tí a kì í bu ẹyin iná rẹ̀ lọ síta láti sun iṣu jẹ. Ìyá mi ti kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sun nǹkan lórí àdògán àwọn ọmọ adìẹ, nítorí èéfín èèpo, ṣùgbọ́n èmi àti Ràmọ́tà a máa fi èsúrú kéékèèké bọ inú eérú rẹ̀, a ó sì jẹ ẹ́ gbígbóná, a ó máa fẹ́ ẹnu wa bí ẹni pé ata la jẹ. Ọjọ́ tí bàbá mi bá wà nílé, àwọn ló ń ṣọ́ iná lóru, wọ́n sì máa ń ní àwọn ò tíì rí èrò ọkọ̀ tó ń pariwo tó ti inú páálí yẹn.

Ìyá Nọ́ọ̀sì ló ń gbé yàrá iwájú ilé wa. Onígbàgbọ́ ni wọ́n, ará Ògbómọ̀ṣọ́, ilé ìwòsàn ìlú ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, kò sì sí ẹni tí wọn kì í bá wí bó ti yẹ. Ọjọ́ kìíní tí wọ́n wọ yàrá iṣu, fèrèsé ni wọ́n kọ́kọ́ ṣí. "Ìyá Sìdí, èéfín èédú tí ojú ò rí yìí, apani ni. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ti fèrèsé yìí, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ sùn síbí." Ìyá Àgbà ní bí fèrèsé bá ṣí, òtútù á wọlé. Ìyá Nọ́ọ̀sì ní òtútù wo, nígbà tí gbogbo wa ń làágùn? Ọ̀rọ̀ náà di iyàn, ìyá mi sì parí rẹ̀ nípa fífi àpò dí ìdajì fèrèsé. Ní ọjọ́ kejì, Ìyá Nọ́ọ̀sì mú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ìgbóná ara àwọn aláìsàn bọ̀ láti yàrá wọn. Wọ́n gbé ọmọ adìẹ kan, wọ́n sì fi ẹ̀rọ náà há a lábẹ́ apá. Nígbà tí wọ́n yọ ọ́, wọ́n wò ó, wọ́n gbọ̀n ọ́n, wọ́n tún wò ó.

"Bí ènìyàn bá gbóná tó báyìí," ni wọ́n wí, "mi ò ní jẹ́ kó lọ sílé."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a dúró sọ́sípítù," ni Ìyá Àgbà dá wọn lóhùn láti ẹnu ọ̀nà. Wọn kò tíì gbà pé àwọn máa ń wá wo àwọn ọmọ adìẹ náà. Wọ́n ní eku ni àwọn wá wò.

Ọ̀sẹ̀ kejì ń parí lọ nígbà tí ìyá mi gbọ́dọ̀ lọ sí Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí láti lọ kó aṣọ tí wọ́n rán fún ìyàwó kan fún un. Ọjọ́ Sátidé ni, kò sí ilé-ìwé, bàbá mi sì wà lọ́nà Ìbàdàn. Ìyá mi mú mi lọ síwájú àdògán, wọ́n di ọwọ́ mi mú. "Sìdí, bí òjìji igi ìbẹ́pẹ ìta yìí bá ti kan ògiri, bu èédú sí i. Bí ó bá dé ẹnu ọ̀nà, tún bu òmíràn. Má fẹ́ ẹ jù, má sì fi sílẹ̀. Ṣé o gbọ́?" Mo ní mo gbọ́. Kò pẹ́ tí wọ́n lọ ni Ìyá Àgbà náà múra, wọ́n lọ sí wàásí àwọn obìnrin ní mọ́sálásí ìsàlẹ̀. Ó wá ku èmi àti Ràmọ́tà, ọmọ ọdún mẹ́fà. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni èmi, mo sì rò pé mo ti dàgbà. Mo bu èédú àkọ́kọ́ sí i bí wọ́n ṣe wí. Àwọn ọmọ adìẹ fọ́n ká, wọ́n ń jẹun. Ojú ọjọ́ rọ̀, ó dà bí omi tí a fi sílẹ̀ fún ọmọ láti wẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ariwo àwọn ọmọdé lójú títì. "Kàtàpílà! Kàtàpílà ti dé!" Ọdún yẹn ni wọ́n ń la ọ̀nà ìlú wa, àwa ọmọdé sì ti ń gbọ́ ìròyìn kàtàpílà fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n ní ó ń fi ẹnu hú igi tigbòǹgbò-tigbòǹgbò. Mo wo àwọn ọmọ adìẹ. Mo wo òjìji ìbẹ́pẹ. Mo sọ fún ara mi pé ọjọ́ yìí gan-an ti gbóná tó láti ṣe ìyá fún wọn, pé n ó lọ, n ó bọ̀, iná kò ní mọ̀. Mo di Ràmọ́tà lọ́wọ́ mú, a sì sáré lọ. N kò lè purọ́, ó dára láti wò. Àwọ̀ yẹ́lò ni, ó tóbi ju ilé wa lọ lójú mi, ilẹ̀ sì ń gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. A wò ó bí ó ṣe ti ìdí igi àràbà kan títí igi náà fi kérora tó sì ṣubú, gbogbo àwa ọmọdé hó yèè. Mo gbàgbé ilé pátápátá. Afẹ́fẹ́ ló rán mi létí. Ó ṣàdédé fẹ́ láti ìhà ibi tí àwọsánmà ti dúdú, ó tutù, ó ń run òórùn òjò, ó sì wọ inú aṣọ mi láti ẹ̀yìn bí ọwọ́ ènìyàn. Mo sáré tó bẹ́ẹ̀ tí Ràmọ́tà ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ lẹ́yìn mi.

Nígbà tí mo wọ agbo ilé, n kò gbọ́ igbe kankan. N kò tíì bẹ̀rù bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Nínú yàrá iṣu, eérú funfun ló wà nínú àdògán, mo sì fi ìka kàn án, ó tutù. Àwọn ọmọ adìẹ ti gun ara wọn ní igun kan, wọ́n di òkìtì. Àwọn tó wà lókè ń gbọ̀n. N kò fẹ́ wo àwọn tó wà lábẹ́. Mo bú sẹ́kún, Ràmọ́tà náà sì bú sẹ́kún torí pé èmi ń sunkún. Bí Ìyá Àgbà ṣe bá wa nìyẹn, òjò tó ṣú ti tú wàásí wọn ká. Wọ́n wo àdògán, wọ́n wo igun, wọ́n wo èmi. Mo dúró de ìgbájú.

"O máa sunkún tó bá yá," ni wọ́n wí. "Sáré lọ gba iná lọ́dọ̀ Ìyá Gàní. Ràmọ́tà, máa kó wọn fún mi."

Ìyá Gàní ló ń yan gàrì ní ilé kejì sí tiwa. Nígbà tí mo ṣàlàyé láàárín ẹkún, wọn kò bi mí ní ìbéèrè kankan. Wọ́n fa ẹyin iná jáde lábẹ́ agbada wọn sínú àpáàdì ńlá kan, wọ́n fi páànù bò ó, wọ́n sì ní kí n má wo ẹ̀yìn. Òjò bẹ̀rẹ̀ sí kán nígbà tí mo dé ìdajì ọ̀nà. Mo tẹ̀ bo iná náà, mo ń fi ẹ̀yìn gba òjò, ooru ń jó mi láyà. Ìgbà tí mo wọ yàrá, mo rí ohun tí n kò ní gbàgbé láéláé. Ìyá Àgbà ti jókòó sílẹ̀ nínú lẹ́búlẹ́bú igi, wọ́n na ẹsẹ̀, wọ́n ti tú ìborùn wàásí wọn bo ẹsẹ̀ wọn, gbogbo ara ìborùn náà sì ń mì. Ọmọ adìẹ wà lábẹ́ ìró wọn, wọ́n wà nínú bùbá wọn, méjì ń yọ orí jáde ní ọrùn aṣọ. Wọ́n ń bá wọn sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni ń rẹ ọmọ tuntun: "Ó ti tó o. Ó ti tó. Mo ti dé." Ìyá Nọ́ọ̀sì, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, kúnlẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun wọn tó ti rin, wọ́n ń fi ìka ra àyà àwọn tí kò mì, lọ́kọ̀ọ̀kan. Méjì nínú àwọn yẹn mí. Mẹ́sàn-án kò mí mọ́. Èmi ń fẹ́ iná, ó ń kọ̀ mí, ọ̀rinrin wà lára èédú, mo ń fẹ́ ẹ títí ojú mi fi pọ́n, títí ó fi gbà.

Òjò ti dá nígbà tí ìyá mi dé. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kí n tó la ẹnu, Ìyá Àgbà ti sọ̀rọ̀. "Iná ló kú mọ́ wa lọ́wọ́, Ìyá Sìdí." Wọ́n ní *wa*, wọn kò pe orúkọ mi. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni kò jẹ́ kí n lè dákẹ́. Mo ní, "Èmi ni mo fi í sílẹ̀, mà. Mo lọ wo kàtàpílà." Ìyá mi ka àwọn mẹ́sàn-án tó sùn sórí páálí, wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Wọ́n ní kí èmi àti Ràmọ́tà lọ gbẹ́ ilẹ̀ sin wọ́n, kí a má jẹ́ kí ajá rí wọn, a sì ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo padà wọlé tí mo fọ ọwọ́ mi, wọ́n wà nídìí àdògán, wọ́n ń bu eérú lé iná tí mo dá.

"Ṣé ó tóbi?" ni wọ́n bi mí.

"Kí ni, mà?"

"Kàtàpílà."

Mo ní ó tóbi ju ilé wa lọ. Wọ́n mi orí. Ní ọjọ́ kejì, ìyá mi àti Ìyá Àgbà wé gèlè, wọ́n lọ wò ó, èmi ni wọ́n fi ti iná. N kò kúrò níbẹ̀ láti àárọ̀ títí wọ́n fi dé. N kò tilẹ̀ lọ tọ̀. Láti ìta ni mo ti ń gbọ́ ẹ̀rín wọn bọ̀, Ìyá Àgbà ń fi ẹnu ṣe bí ẹ̀rọ náà ṣe ń dún.

Láti ọjọ́ òjò yẹn, àwọn ọmọ adìẹ kò jẹ́ kí Ìyá Àgbà sinmi mọ́. Nígbà tí ìyẹ́ wọn hù, tí ìyá mi sì ní kí a jẹ́ kí iná kú, a ṣí ilẹ̀kùn fún wọn, Ìyá Àgbà ni wọ́n ń tọ̀. Bí wọ́n bá lọ ṣe àlùwàlá, adìẹ mọ́kànlélàádọ́rùn-ún á tò tẹ̀lé wọn lọ sídìí kẹ́tù. Wọ́n á máa kígbe pé, "Ẹ wá kó adìẹ yín kúrò lẹ́yìn mi o!" ṣùgbọ́n àpò bùbá wọn kì í ṣàìní àgbàdo. Èmi ní tèmi, ó tó ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí iná kú tí mo ṣì ń dìde lójijì nídìí oúnjẹ láti lọ wo àdògán tí kò ní nǹkan kan nínú.

Ìgbà tí a ń retí iṣu tuntun ni ẹyin àkọ́kọ́ dé. Orí ẹní Ìyá Àgbà ni adìẹ náà yé e sí, láàárín ọ̀sán gangan, wọ́n sì gbé e jáde lórí àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bí ẹni gbé ọmọ. Ìyá mi ní kí a tọ́jú ẹ. Bàbá mi, tí wọ́n wà nílé lọ́jọ́ náà, ní kí a dín in. Ìyá Àgbà sè é fúnra wọn, wọ́n bó o, wọ́n ní kí ìyá mi fún àwọn ní fọ́nrán òwú, wọ́n sì fi òwú náà gé ẹyin kan ṣoṣo yẹn sí mẹ́fà. Bàbá mi gba tiwọn, ìyá mi gba tiwọn, Ràmọ́tà gbé tirẹ̀ mì kí a tó pajú dé. Wọ́n pe Ìyá Nọ́ọ̀sì láti yàrá wọn, wọ́n wá gba tiwọn. Èyí tí pupa rẹ̀ pọ̀ jù ló kù lọ́wọ́ Ìyá Àgbà, pẹ̀lú òmíràn tó tín-ín-rín. Mo na ọwọ́ sí èyí tó tín-ín-rín. Wọ́n gbá ọwọ́ mi kúrò, wọ́n sì fi èyí tí pupa rẹ̀ pọ̀ sí mi lẹ́nu.

"Jẹ ẹ́," ni wọ́n wí. "Ìwọ lo gbé iná nínú òjò."